Ohùn Tó Pe Àdùkẹ́ Létí Odò

Òórùn atalẹ̀ àti ìrẹsì tó ń hó ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ilé Màmá Lín ló ti ń wá, ìyá àgbà ará Ṣáínà tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín ní Parkchester, ní New York. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ìyá yín ń ṣe nọ́ọ̀sì nígbà náà mọ bó ṣe rí: Màmí á ti wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀dọ̀ Màmá Lín lèmi àti àbúrò mi, Àdùkẹ́, máa ń wà títí wọn á fi dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Àdùkẹ́ jẹ́ ọmọ mẹ́fà.

Màmá Lín kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àjèjì, àwọn nìkan ló ń pe Àdùkẹ́ bí a ṣe ń pè é nílé, torí ohùn inú èdè tiwọn náà ń lọ sókè sódò. Ní iléèwé, "Aduke" pẹrẹsẹ ni wọ́n ń pè é. Màmá Lín ló sọ fún wa pé ẹni tó bá kú sómi kì í sinmi. Inú omi ló máa wà títí tó fi máa rí ẹni fà wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Màmí gbọ́, wọ́n ní, "Ẹni tó bá pè yín tí ẹ ò rí, ẹ má jẹ́ ẹ."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Màmá Lín kó wa lọ sétí odò Bronx, níbi tí wọ́n ti máa ń nara. Ọ́ńkù Ray, tí a sábà máa ń bá níbẹ̀, wà lójú omi nínú ọkọ̀ kékeré wọn, wọ́n ń ṣa ọ̀rá kúrò nínú odò, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ọmọ Lẹnápè ni wọ́n, àwọn tó ni ilẹ̀ New York kí òyìnbó tó dé.

Mo ṣàdédé gbọ́ ohùn Màmí lábẹ́ afárá. "Aduke! Aduke!" Ohùn wọn gan-an ni, bó ṣe máa ń há díẹ̀ láàárọ̀. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sínú omi. Ìgbà náà lara mi bù máṣọ. Màmí ò lè pe ọmọ wọn ní pẹrẹsẹ láéláé! Ohun yòówù tó wà níbẹ̀, ẹnu àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá lórí afárá ló ti kọ́ orúkọ náà.

Mo bẹ́ sómi, mo di kóòtù rẹ̀ mú. Omi ò ju orúnkún mi lọ, síbẹ̀ nǹkan kan ń fà á. Mo rí ọwọ́ náà: ó funfun bí ikùn ẹja, ó wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá Lín di èmi náà mú látẹ̀yìn, wọ́n ń pariwo lédè wọn. Bàtà mi ń yọ̀ lórí òkúta.

"Àdùkẹ́, má jẹ́ ẹ! Má dáhùn!"

Kò tiẹ̀ wojú mi.

Ọ́ńkù Ray wa ọkọ̀ débẹ̀. Wọ́n bu tábà látinú àpò wọn, wọ́n dà á sómi, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí àwọn tí ẹ̀yà wọn ń pè ní Bàbáńlá, àwọn tó ń sán àrá, tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ohun búburú inú omi. Ojú ọ̀run ti mọ́ kedere. Àrá sán. Ìró rẹ̀ gba inú eyín mi kọjá, omi fò sókè, ọwọ́ náà tú. Gbogbo wa ṣubú sẹ́yìn.

Àdùkẹ́ lajú, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí Màmí dé nírọ̀lẹ́, Màmá Lín ní, "Ara rẹ̀ ló wálé. Ọkàn rẹ̀ ṣì wà lódò. Ẹ fi kóòtù rẹ̀ pè é."

Màmí, tí kì í gba ohunkóhun tí pásítọ̀ wọn ò bá sọ, wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà wọ́n gba kóòtù tútù náà, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n ń fì í síta. "Àdùkẹ́ o! Àdùkẹ́ ọmọ mi, máa bọ̀ nílé!" Wọ́n pè é títí ohùn wọn fẹ́ẹ̀ pin, kí àbúrò mi tó sọ lórí àga pé, "Mo ti dé, Màmí."

Agbẹjọ́rò ni Àdùkẹ́ lónìí. Ó ní ìbẹ̀rù ọmọdé ni gbogbo rẹ̀, èmi ò sì bá a jiyàn. Mo ti dàgbà ju Màmí ìgbà náà lọ, ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n kì í gbé ẹsẹ̀ láìrí ẹ̀rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ò béèrè ẹ̀rí. Ó gbọ́ pé ohùn náà kò bá mu, ó bẹ́ sómi. Ká ní èmi òní ló wà létí odò lọ́jọ́ náà, ibi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Àdùkẹ́ ì bá ti lọ.