Kámẹ́rà Tó Ń Bá Mi Ṣọ́ Dáre

Ọjọ́ tí a dín gàrí ní Erinje kò lè kúrò lọ́kàn mi. Mo tẹ́ Dáre, ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, sórí ẹní nínú yàrá. Mo gbé kámẹ́rà kékeré kọjú sí i, mo fi okùn USB gígùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyá Dáre, ẹ̀rọ ló fẹ́ bá ọ ṣọ́mọ?"

"Ẹ wò ó, Ìyá, ó ń sùn."

Gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó nínú kọ̀ǹpútà, ó ń sùn. Àfi bí mo ṣe rí ọwọ́ kékeré kan tó ń nà sí agbada gbígbóná. Dáre ni. Mo fà á mọ́ra, gàrí dànù. Nínú kọ̀ǹpútà, ó ṣì ń sùn. Àwòrán ti dúró sójú kan, n kò mọ̀.

Ìyá kò bú mi. Wọ́n pọ̀n ọ́n títí a fi dín gàrí tán.