Nicolasa àti Ọmọ Tó Kọ̀ Láti Wọ Ọkọ̀ Màríà

Ẹni tó bá ní Nicolasa, ìyàwó ọmọ mi, kò mọ ọbẹ̀ sè, irọ́ ló pa. Obìnrin yìí lè fi orí ẹja kan àti omi àgbọn se ọbẹ̀ tí àwọn ẹyẹ òkun yóò fi tò sórí òrùlé wa bí ẹni tó wá gba oúnjẹ ìjọba. Síbẹ̀, nígbà míì lọ́jọ́ Sátidé, á mọ̀ọ́mọ̀ se ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ rárá. Á bù ú fún gbogbo wa, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Iyọ̀ ẹ̀ ṣe rẹ́gí, àbí?”

Ọmọ mi, ọkọ rẹ̀, á ní ó ṣe rẹ́gí. Èmi náà á ní ó dùn dé ẹ̀yìn ọrùn, torí ó ti kọ́ wa ní ohun tí a máa sọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, eyín iwájú Yurley, ọmọbìnrin rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni. Ọmọ náà wo ojú gbogbo wa, ó tún ọbẹ̀ tọ́ wò, ó ní, “Màmá, omi lásán nìyí o.”

Ègé ẹja tó tóbi jù ni Nicolasa gbé fún un. “Bí gbogbo ilé bá tiẹ̀ ń sọ nǹkan kan,” ó ní, “ìwọ tọ́ ọ wò fúnra ẹ.”

Bó ṣe ń tọ́ ọ nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì Yurley pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá ọmọ tuntun kan sọ̀rọ̀, Nicolasa kò pàṣẹ kankan. Ó kàn bi í pé, “Kí ni ọmọ náà fi ṣe ìwọ?” Yurley ronú títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ jókòó ti ọmọ náà, àwọn yòókù sì yẹra fún òun náà. Ó sunkún wálé. Ìyá rẹ̀ ya irun fún un, kò sì purọ́ fún un pé ó rọrùn.

Lọ́dọọdún, a máa ń gbé ère Màríà Òkè Kámẹ́lì, alábòójútó àwọn apẹja, wọ ọkọ̀, gbogbo ọkọ̀ abúlé á sì tẹ̀ lé e gba ẹnu odò jáde sójú òkun. Ẹni tó bá bá Màríà wọ ọkọ̀ kan náà kò ní wá ẹja tì títí ọdún yóò fi yí po. Gbogbo wa ló gbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í ka iye èrò tó wọ ọkọ̀ náà.

Lọ́dún tí Yurley pé ọmọ ọdún méjìlá, Nicolasa ni wọ́n ní kó rán aṣọ Màríà. Ó rán an débi pé ojú ń ta á. Wọ́n wá fún Yurley ní ipò tí gbogbo ọmọbìnrin abúlé ń lé: òun ni yóò jókòó ti ère, tí yóò di etí aṣọ mú kí atẹ́gùn má gbé e.

Nígbà tó dọjọ́ náà, ọkọ̀ Evaristo, atukọ̀ tó máa gbé Màríà lọ́dún náà, kún débi pé bí ẹnì kan bá sín níwájú, ẹni ẹ̀yìn ló máa nu imú. Èmi ti gba àyè tó dáa jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ọtí. Nicolasa wà níwájú pẹ̀lú ère àti àlùfáà. Yurley nìkan ló ṣì dúró sórí pákó èbúté.

“Yurley, máa bọ̀!” Maritza ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pariwo. “Àbí ká wá pọ̀n ọ́ ni?”

“Mi ò wọ̀ ọ́. Omi ti fẹ́ kan etí ọkọ̀.”

“Ẹ gbọ́ ẹnu ọ̀gá atukọ̀!” Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. “Ojo! Ojo!” Wọ́n sọ ọ́ di orin, àwọn afunfèrè sì bá wọn gbè é.

Evaristo rọra bá a sọ̀rọ̀. “Ọmọ mi, ọkọ̀ tó gbé Màríà kì í rì. Ṣé o ò gba Màríà gbọ́ ni?”

“Mo gbà á gbọ́, Bàbá Evaristo. Ọkọ̀ yín ni mi ò gbà gbọ́.”

Ojú ti Nicolasa. Gbogbo obìnrin ìjọ ló ń wò ó. “Yurley, wọlé jọ̀ọ́! Má dójú tì mí níwájú àlùfáà. Ṣé o ò rí i pé gbogbo èèyàn ló ti wọlé ni?”

Ọmọ náà ti ń sunkún, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan. “Mo rí wọn, Màmá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.”

Fèrè dákẹ́. Nicolasa lè fà á létí wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a wí. Èmi gan-an ì bá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ ọmọ náà láti máa sọ ohun tó bá rí, òun sì ni ọmọ ń sọ ọ́ fún yìí. Nicolasa tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì nà tán tó fi kan omi. Ó fi etí aṣọ Màríà lé àlùfáà lọ́wọ́, ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

“Nicolasa, ṣé orí ẹ pé?” Evaristo ló bi í.

“Ọmọ mi ti wò ó. Èmi ni mi ò tíì wò ó.” Ó yíjú sí mi. “Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

“Èmi kẹ̀? Níbi tí mo jókòó sí yìí—”

“Bàbá!”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù o. Ẹni tó ń fún mi lóúnjẹ ni mo tẹ̀ lé. Àwọn ìyá arúgbó tẹ̀ lé mi, lẹ́yìn náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì èrò. Maritza ló sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn, ó yọ ẹnu síta gbọọrọ.

Ì bá wù mí kí n sọ pé ẹja àbùùbùtán kan jáde wá gbé ọkọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n Nicolasa máa ka èyí. Nígbà tí ọkọ̀ náà gbé àwọn tó kù dé ẹnu odò, ìgbì kan ṣoṣo gba orí rẹ̀ kọjá. Láti etíkun, a rí Evaristo tó ń fi fìlà gbọ́n omi, àti àlùfáà tó gbá ère mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Ọkọ̀ náà ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì dúró. Kò rì. Àwa tí a sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ara wa.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin ìjọ wá bá Nicolasa níbi tó ti ń fọ àwo. “Ọpẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń dá ìyá ẹ̀ lóhùn ní gbangba? Ṣé bó o ṣe ń tọ́ ọ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní. “Ó sì dùn mí wọra. Ẹ má rò pé ó rọrùn.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. “Jáde wá, Yurley, mo rí ẹsẹ̀ ẹ. Wá bá mi nu àwo. Tó o bá tún fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ mi, sún mọ́ mi, kó o sọ ọ́ sí mi létí.”

Ọmọ náà ronú díẹ̀. “Tẹ́ ò bá wá gbọ́ ńkọ́, Màmá?”

Nicolasa na aṣọ ìnuwọ́ sí i. “Kó o pariwo nígbà yẹn.”