Bàtà Ìyá Happiness Lẹ́nu Odi Jerúsálẹ́mù

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù ṣe rí gan-an, ẹ má bi awakọ̀. Ẹ bi Tòún, ìyá Happiness, tó ń rán aṣọ funfun fún àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ẹgbẹ́dá. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń fẹsẹ̀ lásán rin ọ̀nà náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí nínú ìjọ tirẹ̀, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀dà ti tán, ó mọ ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ pákó orí gọ́tà iwájú ilé oníbúrẹ́dì, èyí tó máa ń mì díẹ̀ kó tó gba èèyàn dúró.

"Èmi ò kàwé jàre," ló máa ń wí. "Ẹsẹ̀ mi ló kàwé."

Ní ọdún 2012, orúkọ rẹ̀ jáde láàárín àwọn tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá máa lọ gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá, torí àwọn kan máa ń bá àdúrà lọ, wọn kì í bá a bọ̀. Bí arìnrìn-àjò bá sá, onídùúró ló máa lọ rojọ́ níwájú ọlọ́pàá. Tòún kò nílẹ̀, kò nílé, ọkọ rẹ̀ ti kú. Nínú àwọn ẹbí, kò sẹ́ni tó gbà láti dúró fún un. Onílé rẹ̀, Bàbá Ṣóbọ̀wálé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ló tọwọ́ bọ̀wé fún un.

"Ìyá Happiness," ni bàbá náà wí, "mo ti dàgbà ju ẹni tó ń sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ o."

"Bàbá, bí wọ́n bá ní mo sá, ẹ bi wọ́n pé ẹsẹ̀ wo ni mo fi sá."

Happiness ra bàtà aláwọ kan fún ìyá rẹ̀ nítorí òtútù, ó bá a di gbogbo ẹrù, Tòún sì wọ bàálù lọ.

Jẹ́ríkò ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Tòún rọra yọ ẹsẹ̀ kan jáde nínú bàtà, ó tẹ erùpẹ̀ ibẹ̀ wò. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀. Ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ilẹ̀ tutù bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Bí àwọn yòókù ṣe ń ya fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni Tòún ń tẹ ilẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún, tó jẹ́ aṣáájú wọn, wò ó títí. "Ìyá Happiness, ṣé ilẹ̀ lẹ wá rà ni?"

"Bí mo bá rà á, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ lé jáde nílé."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wọ ìlú àtijọ́ ní Jerúsálẹ́mù, ó wọ kóòtù, ó ká sùtánà rẹ̀ sínú àpò. Ọlátúnbọ̀sún kìlọ̀ fún wọn nínú bọ́ọ̀sì pé agogo mẹ́rin ni wọ́n máa lọ, pé ẹni tí kò bá sí nínú bọ́ọ̀sì nígbà náà, orúkọ rẹ̀ yóò wọ ìwé àwọn tó sá. Tòún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí odi ìlú náà, tí oòrùn kùn ún bí oyin, gbogbo ohun tó gbọ́ fò lọ. Ibi tó ti ń fi orin pè láti kékeré ló dúró níwájú rẹ̀ yìí. Bó ṣe máa ń ṣe nílé kó tó gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìdímù, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Ó bọ́ bàtà, ó tò ó síbi ìdí odi, ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ó wọ sùtánà rẹ̀, ó sì wọlé.

Lábẹ́ ẹnubodè, òkúta tutù wọ egungun. Lẹ́yìn ìyẹn, òkúta kan jin bí inú odó. Lẹ́yìn odó, ilẹ̀ tútù mìíràn, omi tí ẹni tó ń fún ọsàn dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀gùn gígùn kan tí wọ́n fín lójú kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Gbogbo òkúta ibẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn igbá tó ti gbó sílé. Èèyàn ló fá wọn, ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀, ọdún lórí ọdún. Ó ń ṣe Tòún bíi pé àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ń kí tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Búrẹ́dì tó rí roboto bí òṣùká ń rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, hóró yánmọ̀tí kún ara búrẹ́dì náà. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, ìpè ìrun ń lọ lórí rẹ̀, àfi bíi Ẹgbẹ́dá. Ó ń lọ ṣáá, bí ẹni tó ń rìn lójú àlá.

Ìgbà tó gbójú sókè, kò rí ẹni tó mọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló pàdé níwájú rẹ̀, gbogbo wọn jọra. Ó bi ọkùnrin kan léèrè, ọkùnrin náà fi èdè kan tí kò yé e dá a lóhùn. Aago ara ògiri kan ti kọjá mẹ́ta ààbọ̀. Bàbá Ṣóbọ̀wálé wá sí i lọ́kàn, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá, fìlà lọ́wọ́.

Ó wolẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ìwọ tó o kàwé," ló sọ fún un, "ó yá."

Ó yí padà, ó fọwọ́ tọ́ ògiri, ó sì di ojú ní ìdajì. Ọ̀nà kan rí gbágungbàgun, kì í ṣe ibẹ̀. Òmíràn ní iyanrìn, ó padà. Ẹ̀kẹta fún un ní àtẹ̀gùn tí wọ́n fín lójú. Ó sọ̀ kalẹ̀. Omi ọsàn lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Odó gbà á, lẹ́yìn odó, òtútù ẹnubodè wọ egungun rẹ̀, ó sì lajú.

Ọlátúnbọ̀sún jókòó sí ìdí odi, bàtà Tòún lórí itan rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnì kan ń pariwo pé, "Ẹ kọ orúkọ ìyá yìí sílẹ̀ ká máa lọ, mẹ́rin ti kọjá!"

"Ẹ ò tíì kọ ọ́?" ni Tòún bi Ọlátúnbọ̀sún.

"Kí n kọ kí ni? Ẹni tó máa sá lọ, ṣé á to bàtà rẹ̀ jọ sẹ́nu ọ̀nà ni?" Ó nà án sí i. "Ẹ wọ̀ ọ́, òtútù ń pa yín."

"Sùtánà ṣì wà lọ́rùn mi, ọ̀gá." Ó gba bàtà, ó gbé e mọ́ àyà wọnú bọ́ọ̀sì.

Nígbà tó padà sí Ẹgbẹ́dá, gbogbo ènìyàn ń bèèrè fọ́tò. Bàbá Ṣóbọ̀wálé nìkan ló bèèrè pé, "Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Tòún mú un lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí ọlọ àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ wà.

"Bàbá, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Bàbá náà tẹ̀ ẹ́. "Ó ń yọ̀," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ló rí, sà."

Bàbá Ṣóbọ̀wálé kò tètè gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀.