Ọ̀mọ̀wé Tó Gba Bútà Lọ́wọ́ Mi

Bí òórùn bisikíìtì bá ti ta sí mi nímú, níbikíbi tí mo bá wà, àgbàlá Bàbá ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ni àgbàlá náà àti mọ́sáláásí kékeré inú rẹ̀ wà, láàárín Agége sí Ifakọ̀. O mọ àwọn àdúgbò tí odi ilé iṣẹ́ ti ga ju ilé àwọn èèyàn lọ. Tó bá ti di ọ̀sán, òórùn ṣúgà àti bọ́tà á gba orí odi wá, á rọra bà lé ẹní, lé aṣọ wa, wọnú irun wa. Ẹ̀rọ wọn á máa kùn láìdákẹ́, ilẹ̀ á máa gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí a bá ń pe orúkọ Ọlọ́run lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, n kì í mọ ibi tí ohùn ẹ̀rọ parí sí àti ibi tí tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń dà bí ẹni pé ilé iṣẹ́ náà ń bá wa pè é.

Bàbá ni olùkọ́ wa. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá wọlé, ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ti ba etí rẹ̀ kan jẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí èèyàn bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ wo onítọ̀hún títí, onítọ̀hún á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó bi í. Àwa tí à ń tẹ̀ lé e kò pọ̀: télọ̀, bíríkìlà, àwọn ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, àti àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì.

Èmi ni mo ń pọn omi bútà, ìyẹn àwọn ike ẹlẹ́nu gígùn tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ọmọbìnrin ni mí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tí mò ń pè ní Àǹtí. Ìwé mi kò kọjá kíláàsì karùn-ún, ojú sì máa ń tì mí débi pé tí ẹnikẹ́ni bá pè mí lójijì, ohùn mi á há sí ọ̀fun. Ṣùgbọ́n bútà kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Mo mọ èyí tó ń jò nídìí, mo mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ já. Lásìkò ọyẹ́, mo máa ń tò wọ́n sínú oòrùn kí omi wọn lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún àwọn àgbà. Bàbá kan wà tó jẹ́ alápatà ní Oko Ọba kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Mo so àkísà mọ́ ọrùn bútà tirẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè dá a mọ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n á dé, wọ́n á bá omi nílẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ló pọn ọ́n. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo Èkó, ibẹ̀ nìkan ni nǹkan ti máa dín tí n kò bá wá.

Ó di ọdún kẹta tí mo ti ń pọn omi náà kí Dókítà tó dé. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o, yunifásítì ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn. Ìwé ló fẹ́ kọ nípa wa. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn sílẹ̀ síwájú Bàbá, ó ń bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. Bàbá wò ó títí, ó wá ní, "Nínú gbogbo ohun tí o bèèrè yìí, èwo ló ń dùn ọ́?" Dókítà la ẹnu, omijé ló jáde. Ní Jímọ̀ kejì, kò gbé ẹ̀rọ náà wá mọ́.

N kò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn èèyàn bí Dókítà ṣe fẹ́ràn Bàbá rí. Láti ìloro àgbàlá níta lọ́hùn-ún ló ti ń bọ́ bàtà, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláásí ni àwa ti ń bọ́ tiwa. Kì í kọ ẹ̀yìn sí Bàbá. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló máa ń rìn jáde, títí ọjọ́ tí ẹnì kan fi pariwo pé, "Dókítà, ẹ rọra o, kúlà ìrẹsì ló wà lẹ́yìn yín yẹn!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ kò yíjú padà.

Lọ́jọ́ kan ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní iṣẹ́ tó kéré jù níbí." Bàbá ṣì ń wò ó nígbà tí ládàánì tó ń pe ìrun fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé, "Kò sí èyí tó kéré tó omi bútà o, Dókítà."

Mo wà lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi ya àwa obìnrin sọ́tọ̀, mo gbọ́. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò mọ̀ pé wọ́n ń wọn iṣẹ́ mi. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá Dókítà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ti ká apá ẹ̀wù lésì rẹ̀ sókè. "Má ṣèyọnu, ọmọ mi," ó ní, ó sì rọra gba bútà lọ́wọ́ mi. Inú gbogbo èèyàn dùn. "Ẹ wo ọ̀mọ̀wé ńlá! Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀!" Àwọn ọmọ Computer Village yọ fóònù, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. N kò bínú sí i, gbà mí gbọ́. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tó rí ohun tó ti ń wá tipẹ́. Mo kàn ń wo ọwọ́ mi méjèèjì, n kò mọ ibi tí mo máa gbé wọn sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi jókòó lẹ́yìn aṣọ láìrí nǹkan ṣe. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, bí ọṣẹ inú omi. Àǹtí mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Wọ́n lé ẹ níbi tí wọn ò ti ń sanwó fún ẹ? Ìwọ nìkan nirú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí!" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé tí Jímọ̀ tó ń bọ̀ bá kọjá, n kò ní lọ mọ́.

Jímọ̀ yẹn gan-an ni Dókítà ra bútà tuntun wá, aláwọ̀ búlúù, gbogbo wọn rí bákan náà. Ó kó ti àtijọ́ sínú àpò, ó to tuntun lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ ilé ìwé. Ládàánì ti pe ìrun nígbà tí bàbá afọ́jú dé. Ọwọ́ rẹ̀ kan àkọ́kọ́, ó kan ìkejì, ó kan ìkẹta.

"Ta ló gbé bútà mi?"

"Ẹ gba èyí, Bàbá," Dókítà sọ fún afọ́jú náà. "Tuntun ni."

"Tuntun ta ni? Tí mo bá lo ti ẹlòmíràn, kí lòun máa lò? Ojú mi ló fọ́ o, orí mi ò fọ́!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ti ṣe tán ń wọlé lọ. Àgbàlagbà náà wá ń na ọwọ́ kiri nínú afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ mi ló gbéra kí èmi tó mọ̀. Mo tú àpò, mo fa bútà alákísà jáde, mo bu omi inú garawa kan tí oòrùn ti ń pa nítòsí sí i, mo fi lé e lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ kan àkísà, lẹ́yìn náà omi.

"Hẹn-ẹn!" ó ní. "Níbo lo lọ, ọmọ yìí? Omi ti tutù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ."

Dókítà yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ lò ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn mi jáde. "Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá a padà fún mi. Òun nìkan ni mo ní níbí."

Ó gbé bútà tuntun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, mo gbọ́ ọ níwájú Bàbá. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Iṣẹ́ tó kéré lo bèèrè," Bàbá ní. "O ò bèèrè ẹni tó ń ṣe é."

Nígbà tí Jímọ̀ mìíràn pé, Dókítà dé, ó dúró, kò mọ ibi tí yóò yà sí. Bàbá nawọ́ sí pákó tí àwọn bíríkìlà jókòó lé. Ó lọ jókòó láàárín wọn. Mo gbé omi síwájú rẹ̀. Ó fẹ́ dìde gbà á, ó tún jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kò lè wo ojú mi. Mo rí i pé ó nira fún un gan-an, ó nira ju gbogbo omi tó ti pọn lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Bàbá ti lọ bá Ọlọ́run, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ. Tí wọ́n bá ń sọ bí Dókítà ṣe fẹ́ràn Bàbá tó, omijé rẹ̀ ni wọ́n máa ń kà, àti kíkúnlẹ̀ rẹ̀. Ní tèmi, ọjọ́ tó jókòó lórí pákó yẹn, tó jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi, ni mo rí ìfẹ́ náà.