Ọmọ Tí Ìyá Mi Pọ̀n ní Copenhagen

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, inú apátímẹ́ńtì kan ní Greenspoint, níhà àríwá Houston, là ń gbé. Àwọn ọdún 1980 ni mò ń wí yìí o, nígbà tí púpọ̀ nínú yín kò tíì sí nílé ayé. Bàbá mi jẹ́ ẹnjiníà níléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́. Ìyá mi ní tiwọn ń ṣiṣẹ́ ní daycare kan tí kò jìnnà sílé, wọ́n ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà tọ́jú ọmọ.

Níbi iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti kọ́ ìyá mi pé ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára ọmọ. Ẹni tó bá fi ọmọ sílẹ̀ láìsí àgbàlagbà lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ọlọ́pàá sì lè bá a délé. Ìyá mi gbé òfin náà wálé bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bí mo bá fẹ́ da ilẹ̀ nù níwájú ilé, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò mí títí n ó fi padà. Ilẹ̀kùn wa ní àgádágodo kan lókè, òmíràn láàárín, òmíràn nísàlẹ̀. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn.

Ìgbà tó di àkókò ìsinmi iléèwé, àwọn ọ̀gá bàbá mi ní kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark. Bàbá mi ní ká jọ lọ. Ìyá mi ní, "Denmark? Ta la mọ̀ níbẹ̀?" Bàbá mi ní, "A ò mọ ẹnì kankan ní Houston náà nígbà tá a dé." Báyìí la ṣe wọ bàálù.

Oṣù kẹjọ ni. Houston tí a fi sílẹ̀ ń yan èèyàn bí àgbàdo, àfi bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ tí atẹ́gùn gbá mi létí. Mo bi bàbá mi pé ṣé ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n tàn síta ni.

Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ràn jù láti ṣe nílùú náà, ọkọ̀ ojú omi ni n ó kọ́kọ́ mú. Omi la ìlú yẹn já káàkiri bí títì. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan á gbé yín gba abẹ́ afárá tó rẹlẹ̀ débi pé awakọ̀ á kígbe pé kí gbogbo yín tẹ orí ba. Bàbá mi kò tètè tẹ tiwọn. Fìlà wọn wà nísàlẹ̀ omi náà dòní. Mo tún fẹ́ràn ilé gogoro roboto kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń yí po nínú rẹ̀ títí dókè, wọ́n ní ọba kan ti gun ẹṣin gba ibẹ̀ rí. Mo sáré gòkè, mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo tún sáré gòkè, títí ìyá mi fi ní ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pa mí.

A tún lọ sí ọgbà ọba kan tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n a ò pẹ́ níbẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ́jọ́ náà, la bá rí àwọn obìnrin tí wọ́n bọ́ aṣọ tó bo àyà wọn sílẹ̀, tí wọ́n nà gbalaja sórí koríko bí ẹni tó wà ní yàrá ara rẹ̀. Bàbá mi ní "Astagfirulláà!" Wọ́n kọjú sí igi kan, wọ́n sì ń wo igi náà bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ìyá mi fi ìborùn wọn bò mí lójú. Abẹ́ ìborùn ni mo ti jáde nínú ọgbà ọba.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan tí bàbá mi wà níbi iṣẹ́. Èmi àti ìyá mi ń rìn lọ ní òpópó kan tí mọ́tò kì í gbà. Níwájú ilé kan tí wọ́n ti ń ta kọfí, a rí àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo rò pé títà ni wọ́n fẹ́ tà wọ́n. Ìyá mi yọjú wo inú àkọ́kọ́: ọmọ. Wọ́n yọjú wo inú èkejì: ọmọ. Àwọn ọmọ jòjòló, nínú òtútù yẹn, wọ́n ń sùn, kò sì sí ẹnì kankan tó dúró tì wọ́n.

"Yéè! Àwọn ọmọ ta rèé? Wọ́n ti abandon wọn ni?" Ìyá mi di orí mú. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ, wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ibi tí a dúró sí ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti bú sẹ́kún. Ìyá mi pàtẹ́wọ́, wọ́n ké pe ìyá ọmọ, "Hello! Whose baby is this?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọmọ náà ń ké, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo rí i tí ìyá mi ká ọwọ́ kò, tí wọ́n tún nà án, tí wọ́n tún ká a kò. Wọ́n fọwọ́ kan ìka ọmọ náà. Ó tutù. Ó parí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tó bá ń sunkún lọ́dọ̀ obìnrin Yorùbá, ẹ̀yìn nibùgbé rẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọmọ sẹ́yìn, wọ́n fi ìborùn gbá a mọ́ra, wọ́n sì ń jó lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi sùn lọ.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Obìnrin kan jáde, ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo inú kẹ̀kẹ́ tó ṣófo. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà ṣì ń dún létí mi. Kí a tó mọ̀, èrò ti yí wa ká, ọkùnrin kan ti di ìyá mi lápá mú, ọlọ́pàá sì ti ń bọ̀. Lọ́mọdé tí mo wà yẹn, mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀wọ̀n ni. Mo ní wọ́n ti mú ìyá mi lọ nìyí, pé èmi àti bàbá mi nìkan la ó padà sí Houston.

Gbogbo òyìnbó tó wà lẹ́nu ìyá mi fò lọ. Ohun tí wọ́n ń wí kò ju "Ó ń sunkún ni! Ó ń sunkún ni!" lọ. Èmi ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọlọ́pàá náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú omijé: pé daycare ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́, pé wọ́n rò pé ẹnì kan ju àwọn ọmọ náà nù ni. Ìyá mi ti tú ọmọ kúrò lẹ́yìn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá rẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ sí àárín títì, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ọlọ́pàá náà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó ń wo ilẹ̀ káàkiri. Ó rò pé nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ wọn ni!

Ìyá ọmọ wo ọmọ rẹ̀ tó ń sùn, ó wo ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀. Ìbẹ̀rù ojú rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, pé atẹ́gùn ìta dára fún ọmọ tó ń sùn, pé òun jókòó sí tòsí fèrèsé, òun ń yọjú lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn náà ló bi ìyá mi pé, "But who would take him?" Kì í ṣe pé ó ń fi wá ṣẹ̀sín. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò wá sọ́kàn rẹ̀ rí pé ẹnì kan lè jí ọmọ gbé.

Ọlọ́pàá náà ní ká máa lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní ẹ̀rù ọlọ́pàá ni. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń ṣe ní Ìṣẹ́yìn níbi tí mo bí ẹ sí. Orí ẹní níwájú ilé ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí, màá lọ pọnmi. Tó o bá sunkún, ẹni tó bá ń kọjá á gbé ẹ. Nígbà míì mi ò ní mọ ẹni tó gbé ẹ, ọkàn mi á sì balẹ̀. Ìgbà wo ni mo di irú èèyàn báyìí?" Mi ò rí ìyá mi rí kí ọ̀rọ̀ ara wọn yà wọ́n lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Houston, tí ìyá mi sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní irọ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ká ní Houston níbí lẹ ti gbé ọmọ òyìnbó pọ̀n ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ nílẹ̀.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Cinco Ranch lẹ́bàá Houston báyìí, igba ojú yẹn sì wà ládùúgbò wọn lóòótọ́, àmọ́ kámẹ́rà ni gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti òun lọ ra oúnjẹ. Ọmọ kékeré kan wà nínú kẹ̀kẹ́ ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń ké bí ẹni tí àkekèé ta. Ìyá rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó kọ̀yìn sí wa, fóònù wà létí rẹ̀. Ọwọ́ mi ti gbéra kí n tó mọ̀. Ọmọ mi yára dì í mú, ó ní, "Mummy, please. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Òótọ́ ló sọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ sílẹ̀. Àgbàlagbà méjì dúró, a ń wo agolo tòmátì lórí pẹpẹ, ọmọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò tíì dákẹ́ nígbà tí a jáde.