Òwú Tí Ẹfúnwùmí Kò Fẹ́ Fi Sin Ọmọ Rẹ̀

Òwú Ẹfúnwùmí pọ̀ ju oúnjẹ ilé rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá wọ yàrá rẹ̀ ní agbolé Fábọ̀dé, ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó rí ibi jókòó, ẹ ó ti rí agbọ̀n òwú: lábẹ́ ibùsùn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àti lórí àjà, níbi tí èéfín ìdáná ti ń lé kòkòrò kúrò lára wọn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Fábọ̀dé, ti kú ló ti ń ran án. Obìnrin mìíràn a máa sunkún. Òun a máa rànwú. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó kékeré ni mí nínú agbolé náà nígbà yẹn, mo sì máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òwú yìí yóò lé e jáde nílé lọ́jọ́ kan. Yóò ní, "Òwú ni mò ń ran, ìyàwó wa, n kò jowú ẹnikẹ́ni."

Gbogbo wa la mọ ohun tí òwú náà wà fún. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, Abọ́dúndé, ọkùnrin gíga kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fẹ́ Ìyábùnmi, ọmọ Oko-Akárẹ̀, wọlé. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí Àlàgbé, ahunṣọ tó wà ní Ìpinlẹ̀, fi òwú náà hun aṣọ tí wọn yóò fi pọn àwọn ọmọ tí Ìyábùnmi bá bí. Ó ń rànwú de ọmọ tí a kò tíì lóyún rẹ̀. Bí ìrètí ti ń ṣe èèyàn nìyẹn.

Àwọn Faransé ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa ṣáájú àkókò yìí, ṣùgbọ́n a ò mọ̀ pé wọ́n á gba ọmọ mọ́ ọn. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú wọn lọ́hùn-ún, kòmándàn, ọ̀gá wọn tó ń ṣàkóso agbègbè wa, sì ránṣẹ́ pé kí agbolé kọ̀ọ̀kan mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá. Ògúnjọbí, àbúrò Fábọ̀dé, ni baálé wa. Àwọn ọmọkùnrin kún ilé rẹ̀ bámúbámú, Málọmọ́ tó jẹ́ àkọ́bí sì taagun bí ẹfọ̀n. Lọ́jọ́ tí àwọn gádì kòmándàn dé, gbogbo wọn ti lọ sóko, oko tí kò sí ẹni tó bá wọn níbẹ̀. Abọ́dúndé nìkan ló wà nílé. Orí òrùlé Ògúnjọbí gan-an ló wà, ó ń bá a fi koríko dí ibi tó ń jò. Gádì béèrè pé ọmọ agbolé dà. Ògúnjọbí kàn gbójú sókè wo òrùlé. Ẹ ti gbọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi fojú mi rí i: àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́.

Wọ́n de Abọ́dúndé lókùn mú lọ. Ẹfúnwùmí tẹ̀ lé wọn títí gádì fi lé e padà.

Ogun náà parí. Àwọn kan bọ̀, ọ̀pọ̀ kò bọ̀. Ṣàngóbíyì, ará àdúgbò kejì, bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, Ẹfúnwùmí sì tọ̀ ọ́ lọ kó tó sinmi. Ṣàngóbíyì ní àwọn jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ni, àwọn jọ dé ilẹ̀ olótùútù, pé ikọ́ ń ṣe Abọ́dúndé, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, òun kò sì rí i mọ́. Ó ní, "Ìyá, n ò rí òkú rẹ̀. N ò sì rí i láàyè." Nínú gbólóhùn méjèèjì, èyí àkọ́kọ́ ni Ẹfúnwùmí gbé délé.

Kò sí ọdún tí a ṣe lẹ́yìn náà tí kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà tòun ti Ìyábùnmi, nítorí ọmọ tí a bí lákòókò ọdún tí a sì sọ ní Abọ́dúndé, ó yẹ kó mọ̀ pé ọdún ti dé. Ọdún a dé, èèyàn a jẹ, èèyàn a mu. Òun kò dé.

Ògúnjọbí wá pe ìpàdé agbolé. Ó ní ọmọ tí a kò sin kò jẹ́ kí ilé rójú, pé òjò kò rọ̀ dáadáa lọ́dún tó kọjá, pé gbogbo àgbà ló mọ̀ pé ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi sọnù lọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa tún mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà tó ju èje lọ. Bí a bá ti sin Abọ́dúndé, Ìyábùnmi di opó. Bó bá di opó, ọmọ agbolé ni yóò ṣú u. Málọmọ́ tó ti ń wo ọmọbìnrin náà láti ọjọ́ pípẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń fi igi ha ilẹ̀.

Àṣà agbolé wa ni pé ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, tí a kò rí ara rẹ̀ gbé wálé, ọkọ́ rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ àtijọ́ la ó dì, a ó fi aṣọ funfun wé e, a ó sì sin ín. Òwú ọwọ́ ìyá rẹ̀ la fi ń hun aṣọ náà. Bí kò bá jẹ́ òwú ìyá rẹ̀, òkú náà kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Nítorí náà Ògúnjọbí ní kí Ẹfúnwùmí kó òwú rẹ̀ sílẹ̀. Bí òjò bá ti dá, Àlàgbé yóò wá gbé e.

Ẹfúnwùmí ní, "Bàbá Málọmọ́, n kò ní òwú òkú nínú ilé mi."

Ògúnjọbí ní, "Òwú ni gbogbo agbọ̀n tó wà lórí àjà yín."

Ẹfúnwùmí dìde, ó wọlé lọ. A rò pé ẹkún ló fẹ́ lọ sun. Ìkọ́ ló ń wá.

Nígbà tí Ẹfúnwùmí wà ní ọ̀dọ́, ó bá àbúrò ìyá rẹ̀ gbé ní Àjàṣẹ́, ní ilé obìnrin Àgùdà kan tí bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀ àwọn Pọtogí bọ̀. Obìnrin náà a máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lórí kíkọ́ fa òwú bọ inú òwú títí yóò fi di aṣọ. Kòróṣẹ́ ló ń pè é. Kò lo òfì, kò lo irinṣẹ́ ahunṣọ kankan, ìka ọwọ́ àti ìkọ́ yẹn náà ni. Ó kọ́ Ẹfúnwùmí, ó sì fún un ní irin kan nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Nílé wa, a fi iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ihò pọ̀ nínú rẹ̀, ni ó bá gbé irin náà tì. Ọjọ́ ìpàdé yẹn ló gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ahunṣọ Ìpinlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa gbà gbọ́: òwú tó bá ti di aṣọ kì í padà di òwú mọ́. Aṣọ òfì, ẹ lè gé e, ẹ lè jó o, ẹ kò lè sọ ọ́ di òwú. Bí òwú Ẹfúnwùmí bá ti di nǹkan tí ààyè ń lò tán, kí ni Àlàgbé yóò fi hun aṣọ òkú? Bí kò bá sí aṣọ òkú, kò sí òkú. Ọmọ rẹ̀ yóò ṣì wà níbi tó wà.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fìlà. Gbogbo ọmọdé agbolé ló ṣe é fún, lẹ́yìn náà àwọn bàbá wọn. Ó ṣe àpò obì, ó ṣe ìbòrí ìkòkò, ó ṣe okùn tí a fi ń gbé igbá kọ́. Èmi gba ìbòrí ìkòkò omi kan. Mo ní, "Ìyá, ihò yìí mà tóbi, ẹ̀fọn á rọ́nà gbà." Ó ní, "Kó gbà, ìyàwó wa, ààyè ni ẹ̀fọn ń jẹ." A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò rí i pé obìnrin yìí ń rù. Oúnjẹ a tutù sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Irin náà dá egbò sí i níka, ẹ̀jẹ̀ ń kan òwú funfun, kò dúró. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ná gbogbo ohun tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ, kíá kíá, kí òjò tó dá.

Ìyábùnmi ló ń bá a di òwú mú. Ọmọbìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé ọkọ lọ́dún kan náà ti ní ọmọ tó ń sáré kiri. Òun kò lè di irun ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà nílé, kò sì lè tú irun bí opó. Ó sọ fún mi lójú odò lọ́jọ́ kan pé, "Ìyáálé, wọ́n ń sọ pé kí n má sunkún, ọkọ mi wà láàyè. Bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí nílé. Kí ni mo wá jẹ́?" Mo bá a gbé omi rẹ̀ rù.

Òwú ìkẹyìn tó kù nílé ni Ẹfúnwùmí fi ṣe ìbora ńlá kan, ó sì tẹ́ ẹ sórí ẹní Abọ́dúndé. Òjò dá. Ògúnjọbí mú Àlàgbé wá. Wọ́n gbé agbọ̀n kan, òfìfo ni. Wọ́n gbé èkejì, òfìfo. Wọ́n gun àjà, eruku dà lé wọn lórí. Ògúnjọbí bú sí ariwo, "Ẹ fi òwú òkú ṣe fìlà!"

Ẹfúnwùmí ní, "Ààyè ló ń dé fìlà, Bàbá Málọmọ́. Ẹ wo ti orí yín."

Ó dé e lóòótọ́. Àlàgbé tẹ́ ọwọ́, ó ní òun kò lè rí nǹkan kan ṣe, òwú tó ti di aṣọ ti di aṣọ. Wọ́n bọ́ sóde. Ẹfúnwùmí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó jẹun, ó sì tún bu ọbẹ̀ sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyábùnmi gbé ìbora náà jáde sí àárín agbolé. Ó jókòó lórí ilẹ̀, ó wá ẹnu òwú rí, ó já kókó rẹ̀, ó fà á. Ìbora náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ojú kan ń fa ojú kejì, ìlà kan ń fa ìlà kejì, wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀, bí ẹni ń bó àgbàdo. Kòróṣẹ́ kò jọ aṣọ òfì: okùn kan ṣoṣo ni látòkè délẹ̀. Nínú gbogbo agbolé, Ẹfúnwùmí nìkan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó ń bá a di òwú mú nígbà tó bá ń tú ibi tó ti ṣì í kọ́.

Àwọn èèyàn jáde. Ògúnjọbí jáde, ó la ẹnu sílẹ̀. Ẹfúnwùmí jáde kẹ́yìn. A rò pé yóò lu ọmọbìnrin náà.

Ó ní, "Ìyábùnmi, kí lo ń ṣe fún mi yìí?"

Ìyábùnmi kò dẹ́kun fífà. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ kí n sunkún ọkọ mi."

"Kò kú."

"Ẹ̀yin ń dúró de ọmọ yín, Ìyá, ẹ sì ti bí i. Ta ni èmi bí? Málọmọ́ kò ní ṣú mi, ilé bàbá mi ni mo ń lọ. Ṣùgbọ́n opó ni ilé bàbá ń gbà padà. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, kò síbi tí yóò lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣé gbé mì, kò sì ṣé tu dànù. Òwú ń ga sókè lórí ilẹ̀, ó ń di kókó mọ́ra. Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀ ti òkìtì náà, ó wá ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kó má baà díjú. Ìyábùnmi ń tú, òun ń ká. Ní tèmi, mo sunkún débi pé n kò rí ìgbálẹ̀ mi mọ́.

Àlàgbé hun aṣọ náà. Ó ṣàròyé pé òwú náà ti ká kọ́ńdọkọ̀ndọ, kò fẹ́ nà, ṣùgbọ́n ó hun ún. A di ọkọ́ Abọ́dúndé àti ṣòkòtò oko rẹ̀, a fi aṣọ wé e, a gbé e sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀.

Níbòmíràn, ìyá kì í dé ibi sàréè ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òkú tí kò ní ara, ohùn ìyá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó lè wálé. Wọ́n mú Ẹfúnwùmí dé etí ihò náà, wọ́n ní kó kí ọmọ rẹ̀ bí a ti ń kí òkú: ó dàárọ̀, ó di gbére.

Ó ní, "Abọ́dúndé." Ó wo inú ihò náà. "Abọ́dúndé, ó dàárọ̀."

A ń retí ìyókù. Ògúnjọbí wú ikọ́. Ẹnì kan sọ ọ́ sí i létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ó ti gbàgbé. Ó tún ní, "Ó dàárọ̀, ọmọ mi," bí ìyá ti ń kí ọmọ tó ń lọ sùn, ó sì pa ẹnu dé.

Ìyábùnmi ló wólẹ̀ sórí erùpẹ̀, tó figbe ta, tó sọ ìyókù. "Ó di gbére, ọkọ mi! Ó di gbére!" Àwọn obìnrin gbà á mú. A kó erùpẹ̀ bo ẹrù náà, a tẹ̀ ẹ́, a wẹsẹ̀, a padà sílé, Ẹfúnwùmí kò sì sọ pé ó di gbére.