Sinimá Tó Ba Bàbá Mi Lẹ́rù

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ yòókù, n kò lè gbàgbé ọ̀sán tí wọ́n gbé sinimá wá sí ilé-ìwé wa ní Ṣakí. Bàbá mi, ọdẹ tí kì í sá fún ẹfọ̀n, jókòó sáàárín wa: èmi àkọ́bí rẹ̀ ní ọ̀tún, Ràfátù, ọmọ ìyàwó kékeré tí gbogbo ilé ń gbé gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin, ní òsì.

Wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé. Orúkọ fíìmù yọ ní lẹ́tà pupa tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Orin ń lu kì-kì bí àyà ẹni tó ń sá. Kámẹ́rà wá ń yọ́ tẹ̀lé ọkùnrin kan, bí Bàbá ṣe máa ń yọ́ tẹ̀lé ẹtu. Lójijì, orin dákẹ́.

Bàbá fò dìde. "Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀! Ó ti dé ẹ̀yìn rẹ!" ni ó pariwo sí ọkùnrin inú fíìmù náà. Orin bú jáde. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì, ó gbá Ràfátù mọ́ra. "Ọmọ mi, má wò ó!"

Nígbà tí a jáde, Ràfátù bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀rù bà yín?"

Mo ní rárá. Ẹ̀rù bà mí ju tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ méjì ni Bàbá ní, kò sí èyí tó kàn mí.